Ọjọ́ tí Màmá Oníkẹ́mísì Máa Wọ Bàálù

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ìyá mi ní láti kékeré ló ti wà lára mi, pé tí wọ́n bá pín ẹran, màá kọ́kọ́ yẹ ti àbúrò mi wò kí n tó ki tèmi bọ ẹnu. Iṣẹ́ tí mo sì wá rí ṣe kò jẹ́ kí àìsàn náà san. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni mò ń tà ní Onitsha, ní ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́bàá Bridge Head, níbi tí àwọn oníṣòwò ti máa ń wá bá wa tí wọ́n bá fẹ́ lọ kó ọjà ní Ṣáínà, ní Dùbáì tàbí ní Íńdíà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìfura, kó wá jókòó tì mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré, yóò gboyè jáde.

Ẹ̀rọ tá a fi ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an, inú ìfura ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkẹjà, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirimú ni wọ́n gbé ka iwájú wa, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú níbẹ̀, kò sí àwòrán kankan. Kóòdù lo máa kọ́ sórí. O ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, o ti fi ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà sínú bàálù Bràsíìlì. Bàbá tó kọ́ wa níṣẹ́ ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ó sọ fún wa pé nígbà tiwọn, tẹlifóònù ni wọ́n fi ń bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fún ìjókòó. Akọ̀wé ọ̀hún á ní òun ń wo káàdì, òun ń pè yín padà. Kó tó pè, ẹlòmíì ti jókòó sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù wá ṣe ẹ̀rọ tó lè máa ka ìjókòó wọn fúnra ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá fún àwa ẹ́jẹ́ǹtì, pé ká máa fọwọ́ ara wa mú ìjókòó.

"Ṣé ẹ rò pé ìfẹ́ wa ló pa wọ́n?" Bàbá náà bi wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ máa ń to bàálù tirẹ̀ sókè pátápátá, á wá kó ti àwọn tó kù sísàlẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tí iṣẹ́ ń kán lójú, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò tà. Ó pẹ́ kí ìjọba ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún tó ní kí wọ́n jáwọ́. "Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ òrukàn," ni Bàbá wí. "Ó mọ bàbá tó bí i." Láti ọjọ́ náà, mi ò ta èyí tó wà lókè rí kí n tó wo ìsàlẹ̀.

Báǹkì tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé wa wá sí Onitsha. Wọ́n ní fún ọdún díẹ̀ ni. Ọdún díẹ̀ náà ò tíì parí di òní. Awada la ń gbé, àwọn ọmọ mi sì ti ń fi èdè Igbo bá mi jiyàn. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ jẹ́ ọmọ Igbo tó dàgbà sí Ìdúmọ̀tà, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, pàápàá èébú. Òun ló sọ fún mi bí ẹ̀rọ ṣe dé ìlú yìí. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń di pásípọ́ọ̀tù àwọn oníbàárà sínú àpò, á sọdá odò Ọya, á lọ tò níwájú ọ́fíìsì bàálù ní Èkó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ò gbà. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀rọ pọ̀ jáde, ṣé òun ni tíkẹ́ẹ̀tì? Òǹtẹ̀ dà? Ọ̀gá sá lọ gbẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, a kì í fún ẹnikẹ́ni ní tíkẹ́ẹ̀tì láìlu òǹtẹ̀ sí i lára. Kò sí ilé-iṣẹ́ bàálù kan láyé tó mọ òǹtẹ̀ náà, ṣùgbọ́n oníbàárà á mí kanlẹ̀ tó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀.

Ní báyìí, wọ́n ti ń fi fóònù wo iye tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fóònù á ní ìjókòó kan ló kù. Kí ọkùnrin náà tó ṣẹ́jú, iye ti gbéra sókè, á sì tẹjú mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ tì í lọ sókè. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Èmi náà tí mò ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀, mi ò gbà gbọ́ pé ìjókòó kan ló kù.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa àwọn oníbàárà wa ni pé wọn kì í fẹnu sọ ọjọ́ tí wọ́n máa rìnrìn àjò. Kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri wa. Oníbàárà á wọlé, á kí wa, á bú ìjọba díẹ̀, á wá dìde lọ sídìí kàlẹ́ńdà, á kọ̀yìn sí àwọn tó jókòó, á fi ìka kan ọjọ́ kan fẹ́rẹ́, á sì máa wo ojú mi bóyá mo rí i. Tí mo bá fi àṣìṣe pe ọjọ́ náà síta, ó lè gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kó máa lọ. Mi ò bá wọn wí. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹ́ kí àwọn ajínigbé ti máa retí òun. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn kan tún wà tí kàlẹ́ńdà ò tó wọn. Wọ́n á fún wa ní ọjọ́ kan, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì mìíràn lọ fún ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tó bá ń tọ ipasẹ̀ wọn lè ṣìnà. Ọgbọ́n ni lójú tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òde òní ò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù ti fi ẹ̀ṣọ́ kan tí kì í sùn sínú ẹ̀rọ wọn. Bó bá ti rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kan náà, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, á yọ ọ̀kan. Bó bá sì wù ú, á yọ méjèèjì. Mo ti pariwo èyí fún àwọn oníṣòwò títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Màmá Oníkẹ́mísì kì í ṣe oníbàárà lásán ní tèmi. Ìsàlẹ̀ ilé wa ní Awada ló ń gbé, ó sì ń ta oògùn òyìnbó ní páálí-páálí ní Bridge Head. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, orúnkún ìyá mi ò jẹ́ kó lè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dùbúlẹ̀, mò ń sunkún, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá ló ń bọ̀, kẹ́tùlù omi gbígbóná lọ́wọ́ kan, tówẹ̀lì lọ́wọ́ kejì. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi tówẹ̀lì náà tẹ ikùn mi títí mo fi ké, ó wẹ ọmọ mi, ó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ì bá ṣe nà án, ó wá se iṣu olómi ata tí wọ́n ń fún abiyamọ, tó kún fún uda, èyí tí àwa ń pè ní ẹ̀ẹ̀rù. Ọmụgwọ ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí níbí. Ìyá ọlọ́mọ ló máa ń ṣe é. Títí mo fi lè dìde dáadáa, kò yé gun àtẹ̀gùn náà. "Nwa m" ló ń pè mí, ìyẹn ni ọmọ mi. Gbogbo ènìyàn ni mo lè fura sí, àfi òun.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Màmá bí, Kánádà ló wà. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ wà, kò sí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó tún lóyún, Màmá búra pé òun ò ní jẹ́ kó dá nìkan wà mọ́, pé ọwọ́ òun ló máa kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà. Físà pẹ́. Ìgbà tó fi máa jáde, Kérésìmesì ti kọjá, àwọn tó wálé ọdún ń rọ́ padà sí òkè òkun, gbogbo bàálù ti kún, oṣù ọmọbìnrin náà sì ti pé.

Mo wá ìjókòó títí ojú fi ń ro mí. Nígbà tí mo rí bíi mélòó kan, mo pe Màmá pé kó wá mú èyí tó bá wù ú. Ó dé, ó lọ sídìí kàlẹ́ńdà bíi ti àwọn yòókù, ó fi ìka kan ọjọ́ kan. Píjìn àti Igbo la jọ máa ń sọ. Mo kàn ń gbé e wá sí Yorùbá níbí ni. Mo ní, "Màmá, èmi nìkan ló wà níbí." Ó ní, "Ògiri náà wà níbí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi orúkọ rẹ̀ mú ìjókòó náà dání, kó lè lọ kó owó jọ.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjókòó Màmá ti lọ. Wọ́n ti yọ ọ́. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí ojú mi fi lọ sára ọmọge tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ogbunike ni, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà la jọ ń lò lórí ẹ̀rọ. Ohun tí mo bá dì, ó lè tú u. Ó sì ti bi mí rí pé, "Aunty, when Mama dey travel?" Kí ló kàn án? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà nílé tó ń wá ọ̀nà padà sí Kánádà. Mo so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì so pọ̀ dáadáa.

Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ó di pé kó wá bẹ̀ mí kó tó lè ta ohunkóhun. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà mi kọ ògiri. Tó bá ń jẹ ọkpa rẹ̀, irú mọ́ín-mọ́ín kan tí wọ́n ń jẹ níbí, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá pè é lórí fóònù, etí mi wà níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tó sú u, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní, "Aunty, you dey look me like say I thief your meat." Mo ní mi ò wo ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń wò ó.

Màmá ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo rò pé tí mo bá sọ fún un pé ìjókòó ti lọ, á ké "Ewoo!" Kò ké. Ó wò mí títí, ó ní, "Nwa m, ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ọkọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé físà yín ti jáde."

Ó mi orí. Ó lọ sídìí kàlẹ́ńdà, ó fi ìka kan ọjọ́ mìíràn, ó sì jáde láìkí ọmọge Ogbunike. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ẹni tó ti rí ìhòòhò mi nígbà tí mo bímọ, kí ló tún kù lára mi tó ń yẹ̀ wò?

Mo mú ìjókòó kejì dání fún un. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọge Ogbunike ò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ń sin ẹnìkan ní ilé wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ, ìjókòó Màmá ti tún lọ. Ọmọge ò sí níbẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iwin kankan tó mọ kóòdù wa. Ẹni tí mò ń ṣọ́ kọ́ ló jí ẹran. Mo jókòó, mo káwọ́ lérí.

Ọ̀gá yọ lẹ́yìn mi, ó wo ojú ẹ̀rọ. "Ìyàwó oníbáǹkì," ó ní, "ṣé o ti bi ìyá yẹn bóyá ó ní ẹ́jẹ́ǹtì míì?"

Ẹ ó ti rí i tipẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á. Èmi ò rí i. Inú bí mi sí Ọ̀gá. "Màmá? Màmá tó wẹ ọmọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ọmọ wíwẹ̀ lọ́tọ̀, bàálù lọ́tọ̀. Ìwọ obìnrin Yorùbá yìí, o fura sí gbogbo ẹni tó wà ní Onitsha, o wá yọ ọmọ Onitsha gidi sílẹ̀."

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo Bridge Head di funfun, eruku bo páálí oògùn, àwọn alábàárù ń jágbe mọ́ mi kí n yà lọ́nà. Màmá wà láàárín ọjà rẹ̀, ó ń bá oníbàárà kan ná iye. Mo dúró títí ọkùnrin náà fi lọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ́jẹ́ǹtì mìíràn wà?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ó wà," ó ní. "Ní Asaba."

"Ọjọ́ tí ẹ fún mi náà lẹ fún un?"

"Ọjọ́ mìíràn ni."

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Mi ò dúró. "Nínú àwa méjèèjì, ta lẹ fún ní ọjọ́ tòótọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Òun ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán mi lẹ́yìn ìbímọ lọ. Ọkùnrin kan ní Asaba, tí kò mọ ilẹ̀kùn ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni òótọ́ wà. Èmi tí mò ń gbọ́ ìró ọmọrí odó rẹ̀ láti òkè láràárọ̀, irọ́ ni wọ́n fún mi gbé dání. Omi ti lé sí mi lójú. Mo ní, "Màmá, ṣé torí pé mo jẹ́ ọmọ Yorùbá ni?"

"Torí pé ò ń gbé lókè orí mi ni," ó dáhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ mi, ilé wa ló máa wá. Ìwọ ló máa mú. Ohun tí o kò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fipá gbà á lẹ́nu rẹ. Nwa m, o ní àwọn ọmọ." Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá òótọ́ ni. Ó jọ òótọ́. Títí di òní, mi ò lè búra sí i.

Mo ṣàlàyé ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ fún un, pé ọjọ́ irọ́ ti ń bá ọjọ́ òótọ́ jà níbẹ̀. Ó pe Asaba lójú ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí àwa méjèèjì jọ gbọ́. Ọkùnrin náà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pè é ni, pé ìjókòó rẹ̀ ti pòórá láàárọ̀ yẹn, pé àwọn ará Onitsha lòun fura sí. Màmá gbé fóònù kalẹ̀. Ó ní ọmọ òun pè ní òwúrọ̀ pé ẹ̀yìn ti ń ro òun, pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìbínú mi yọ́ níbẹ̀. "Ẹ dìde, Màmá," mo ní. "Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù."

Kò sí ìjókòó mọ́ lójú ọ̀nà tó dáa. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, bí Bàbá Ìkẹjà ṣe kọ́ mi. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ́jẹ́ǹtì tó ń kánjú kì í dé, mo rí ọ̀nà kan tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ: láti Asaba dé Èkó, láti Èkó dé ìlú Lárúbáwá kan, níbi tí yóò ti jókòó de bàálù mìíràn títí ìdí rẹ̀ á fi kú. Ìjókòó kan ló kù níbẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo gbà á gbọ́. Ọ̀la ni. Àwọn oníbàárà kún ọ́fíìsì. Mò ń wá bí mo ṣe máa fi ọjọ́ náà han Màmá láìsọ̀rọ̀, ni mo bá ń na ìka sí kàlẹ́ńdà. Màmá ò yíjú síbẹ̀. Ó ti rí i lójú ẹ̀rọ. "Ọ̀la!" ó pariwo níṣojú gbogbo wọn. "Mú un! Ọ̀la ni mò ń lọ!" Ṣe ni gbogbo wọn gbójú kúrò lára rẹ̀, bí ẹni pé ó bọ́ aṣọ láàárín wọn. Ọ̀gá lu òǹtẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ẹ̀ẹ̀rù, iyèré àti ẹja gbígbẹ sínú àpótí, ó lọ. Ìlú àwọn Lárúbáwá yẹn ló wà, ó ń de bàálù kejì, nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù pé ọmọ ti dé. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń na apá ọmọ ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo dúpẹ́, inú sì tún bí mi. Ká ní ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wá, tó sì sọ òótọ́ fún mi, ì bá ti débẹ̀ ṣáájú. Mo wí i, mo tún un wí, títí ọkọ mi fi ní òun ti gbọ́.

Mo fún ọmọge Ogbunike ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun, mo sì ra ọkpa fún un. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kó tó jẹ ẹ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Màmá pè mí ní ọ́fíìsì. Mò ń gbọ́ omi tó ń dà sínú bàsíà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, àti igbe ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n na òun.

"Nwa m, mo fẹ́ wálé."

"Ọjọ́ wo, Màmá?" Mo ti ń retí pé á ní kí n dúró, kóun wá ọ̀nà tí òun máa fi fi hàn mí.

"Ìwọ mú un," ó ní. "Ọjọ́ tó bá wù ẹ́. Má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Tó bá ku ọ̀la, kí o pè mí kí n di ẹrù."

"Asaba ńkọ́?"

"Asaba wo?"

Mo mú ọjọ́ kan. Mi ò wo kàlẹ́ńdà rárá, kí ọmọge Ogbunike má baà rí ibi tí ojú mi lọ. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí ẹ̀rọ wò ó, láràárọ̀ ni mò ń bá a níbẹ̀, òun nìkan, kò ní ìkejì.

Ọkọ mi bi mí nídìí oúnjẹ pé ìgbà wo ni Màmá ń bọ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un ni?"

Mo ní kó máa jẹun rẹ̀, ọbẹ̀ ń tutù.